Ẹ Má Ju Oògùn Táírọ́ìdì Nù Nítorí Ara Ríro

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ìyà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ láìsọ̀rọ̀ ní agbègbè wa yìí, láti Ìkejà dé Ọ̀gbà, láti Ifákọ̀ dé Àgége àti Dọ̀pẹ̀mú. Àwọn tí mò ń wí ni àwọn tí dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí ó sọ fún wọn pé táírọ́ìdì wọn kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ, tí ó sì fún wọn ní oògùn oníhóró tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ levothyroxine. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn, wọ́n ń retí pé ara yóò yá. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni ó ń le sí i. Itan ń ro wọ́n, èjìká ń fà wọ́n, orúnkún kò fẹ́ ká, ìka ọwọ́ sì ń gan ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, wọn a ní, “Oògùn yìí ni ó ń pa mí,” wọn a sì gbé e sọ sẹ́yìn àpótí.

Ní tèmi o, ewu ńlá ni kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní di ẹ̀bi náà ru aláìsàn nìkan. Ẹni tí ó fún un ní oògùn tí kò là á yé e ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń ta oògùn ara ríro fún un láìbéèrè ọ̀rọ̀ ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà sì ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni táírọ́ìdì? Kókó ẹran kékeré kan ni, tí ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́, tí ó wà ní iwájú ọ̀fun wa, nísàlẹ̀ gògóńgò. Bí ó bá wú, òun ni àwọn baba wa ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà yìí ni ó sì ń sọ fún ọkàn, ìfun, ọpọlọ àti iṣan bí wọn yóò ti yára ṣiṣẹ́ tó. Ẹ fi wé iná abẹ́ ìkòkò. Bí iná bá kéré jù, ọbẹ̀ kò ní hó. Bí ó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ yóò jóná. Ẹni tí iná tirẹ̀ bá kéré, òtútù a máa mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn. Àárẹ̀ a mú un láti òwúrọ̀, yóò máa sanra láìjẹun púpọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ a le, awọ ara rẹ̀ a gbẹ, ohùn rẹ̀ a há, ojú rẹ̀ a sì wú. Nǹkan oṣù obìnrin lè máa wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn obìnrin ni àìsàn yìí sì ń bá jà jù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní gẹ̀gẹ̀ ni iná rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí iná rẹ̀ kéré ni ó ní gẹ̀gẹ̀. Láyé àtijọ́, àìtó áyódíìnì nínú oúnjẹ ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀ jù ní ilẹ̀ òkè wa. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà sì ti gbé ètò kalẹ̀ pé kí a máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀ tí a ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ara ènìyàn lè dìde bá táírọ́ìdì tirẹ̀ jà, nínú àìsàn tí dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1912. Àwọn mìíràn, nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ tán ni èyí tí ó kù kò tó í ṣiṣẹ́ mọ́.

Oògùn tí a ń sọ yìí kì í ṣe àjèjì nínú ara. Ní ọdún 1891, ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà George Murray mú omi inú táírọ́ìdì àgùntàn, ó fi gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan lábẹ́rẹ́, obìnrin tí àìsàn yìí ti sọ di ẹni tí ń fa ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ara obìnrin náà yá, ó sì tún lo ọdún 28 lókè eèpẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1914, Edward Kendall yọ èròjà náà gan-an sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1927, Charles Harington àti George Barger fi ọwọ́ ara wọn pò ó jáde. Ohun tí ó wà nínú hóró oògùn lónìí bá èyí tí táírọ́ìdì tiwa ń ṣe mu rẹ́gí. Àlàfo ni a fi ń dí, kì í ṣe májèlé ni a ń gbé mì.

Ó dára, ẹ ó bi mí pé: bí kì í bá ṣe májèlé, kí ló wá dé tí ara fi ń ro?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú iṣan àti oríkèé ro, kí oògùn tó dé rárá. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Holland tẹ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn 24 tí iná wọn kéré jáde. Bí a bá kà á sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 79 nínú wọn ni iṣan àti ẹ̀sọ̀ ara ń yọ lẹ́nu kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́jú ọdún kan gbáko, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní àìlágbára iṣan. Ẹ wo bí ó ti ń pẹ́ tó! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ. Ẹ̀rọ tí a kò fi òróró sí fún ọdún kan kì í dákẹ́ ariwo lọ́jọ́ tí a bá da òróró sí i. Yóò kọ́kọ́ máa dún kíkankíkan, nígbà tí ó bá yá ni yóò tó máa lọ geere.

Ìdáhùn kejì ni pé oògùn náà kì í yára. Èyí tí ènìyàn gbé mì lónìí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Nítorí bẹ́ẹ̀, ó ń tó ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6 kí ìwọ̀n rẹ̀ tó dúró lójú kan nínú ara. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń sọ pé kí a padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí òun lè mọ̀ bóyá kí òun fi kún un tàbí kí òun dín in kù. Ìwé àyẹ̀wò sì lè dára tán kí iṣan tó bọ̀ sípò. Oṣù mélòó kan ni kì í ṣe ọjọ́ mélòó kan.

Ìdáhùn kẹta ni pé ìwọ̀n oògùn lè máà tíì tọ́. Bí ó bá kéré, ìrora àtijọ́ yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà yóò máa lù kìkì, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, oorun kò ní wá, iṣan itan yóò sì rọ tí ènìyàn kò fi ní lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Méjèèjì ni ó yẹ kí dókítà gbọ́. Ìdáhùn kẹrin sì ni pé ohun mìíràn lè wà nídìí rẹ̀, bí arọmọléegun tòótọ́, tàbí oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá jókòó sílé kò lè mọ èwo ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo mọ obìnrin kan ní àdúgbò wa ní Àgége, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí ń di ọjà sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní ìhà Ìkejà. Kásúà ni, owó ọjọ́ ni ó ń gbà. Nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bá a sọ: “Ẹ máa lo ọ̀kan lójoojúmọ́.” Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ara lè máa ro ó, kò sì sí ẹni tí ó sọ ọjọ́ tí yóò rọlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, pajápajá ń mú un ní ẹsẹ̀ lóru, ìka rẹ̀ kò sì lè di okùn páálí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ fún un pé oògùn òyìnbó náà ti ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Ó dá a dúró. Ó lọ sí ilé kẹ́míìsì, níbi tí a ti ń pe ẹni tí ń ta oògùn ní dókítà, ìyẹn sì wí pé, “Màmá, làkúrègbé ni. Ẹ gba èyí, ẹ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.”

Ìrora rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹta, ojú obìnrin náà ti wú, ohùn rẹ̀ ti há, inú sì ti ń ta á nítorí oògùn ìrora. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó lọ sinmi, wọn kò sì pè é padà. Ó ti padà sídìí oògùn rẹ̀ báyìí, dókítà mìíràn sì jókòó là á yé e. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ó tó lè pọn ọmọ rẹ̀ gòkè àtẹ̀gùn láìdúró mí. Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Mo bi ara mi léèrè pé, ta ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í ṣe táírọ́ìdì nìkan. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ wà lára ohun tí ó gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn yìí, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní, ẹ máa lò ó bí ó ti yẹ kí a lò ó. Omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì láàárọ̀ kùtùkùtù, kí inú ṣófo, kí ó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó fi ẹnu kan tíì, kọfí tàbí búrẹ́dì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ iṣẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí ẹ ń jẹ búrẹ́dì Àgége àti àkàrà lójú ọ̀nà, ẹ lè bá dókítà sọ pé kí ẹ máa lò ó ní àkókò oorun, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ẹ ti jẹun. Àkókò kan náà ni kí ó jẹ́ lójoojúmọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú, oògùn egungun tí ó ní kásíọ́ọ̀mù, àti oògùn inú títa kò gbọdọ̀ bá a pàdé nínú ikùn. Kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Mílíìkì sóyà náà lè dí i lọ́nà. Ọ̀pọ̀ tí ń ké pé oògùn kò ṣiṣẹ́, ibí yìí ni ó ti bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ má fi oògùn náà sí ojú fèrèsé tàbí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Nínú pákéèjì rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, níbi tí ó tutù díẹ̀ nínú iyàrá, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan tí kò ju ti ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn sí i, àti ìwọ̀n rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó ń ro yín, ìgbà tí ó ń ro jù, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ń mú irun àti èékánná dàgbà, tí biotin wà nínú rẹ̀, ẹ sọ fún un kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀, nítorí biotin lè mú kí àyẹ̀wò náà purọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún oògùn ìrora. Parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n diclofenac àti ibuprofen tí a ń jẹ bí ẹ̀pà fún oṣù bí oṣù lè lu inú, kí wọ́n ba kíndìnrín jẹ́, kí wọ́n sì mú ẹ̀jẹ̀ ru. Àgbo àti oògùn làkúrègbé tí ń mú ara fúyẹ́ lójijì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan a máa po dexamethasone mọ́ irú wọn lábẹ́lẹ̀. Kí ẹ máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ máa na apá àti ẹsẹ̀, kí ẹ fi omi gbígbóná tẹ ibi tí ń ro yín, ó sàn ju gbogbo ìyẹn lọ.

Ẹ̀karùn-ún, aboyún kò gbọdọ̀ dá oògùn yìí dúró rárá. Ní kété tí ó bá ti mọ̀ pé òun lóyún ni kí ó sáré lọ bá dókítà, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń ní láti pọ̀ sí i nítorí ọmọ inú.

Ìgbà kan wà tí a kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò já geere, bí ìtọ̀ bá dúdú bí kọfí pẹ̀lú ìrora iṣan, bí oríkèé kan bá wú tí ó gbóná pẹ̀lú ibà, tàbí tí ẹsẹ̀ kò lè gbé yín mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Mo sì fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: àwọn tí iná tiwọn pọ̀ jù, tí wọ́n ń lo carbimazole láti fi dín in kù, oògùn tiwọn yàtọ̀. Bí ibà tàbí ọ̀fun dídùn bá mú wọn, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí oríkèé bá ń ro wọ́n, kí wọ́n tètè fi tó dókítà létí. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi orí kunkun gbé oògùn mì. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ má dá ẹjọ́ oògùn ní ẹ̀yìn dókítà.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, mo mọ̀ pé èrò ń tò lẹ́nu ọ̀nà yín. Ilé ìwòsàn Ìkejà tí ó ti di LASUTH láti ọdún 2001, ilé ìwòsàn kékeré ni nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá a sílẹ̀ ní ọdún 1955. Ìlú ti dàgbà kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ń tọrọ: “Ara lè máa ro yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Bí ó bá le, ẹ padà wá bá mi.” Ẹni tí a ti sọ fún kì í sá.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Ọ̀gbà àti ní gbogbo ibi tí èéfín ilé iṣẹ́ ti ń rú ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àwọn kan nínú yín yóò wí pé, “Bí a bá ń fi ẹni tí ara ń ro sí iṣẹ́ fífúyẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ni ara yóò máa ro.” Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní òtítọ́ díẹ̀ nínú, nítorí ọ̀lẹ wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìwé dókítà àti ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀lẹ lè fi ẹnu lásán dá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá, ní apá kẹrìndínlógún rẹ̀, fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ fún ọjọ́ 12 nínú ọdún kan bí dókítà bá jẹ́rìí pé àìsàn ni. Kásúà ni ó ń pàdánù jù níhìn-ín, nítorí ọjọ́ tí ó bá lọ fa ẹ̀jẹ̀, ebi ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ẹ bá fún ní oṣù méjì nídìí iṣẹ́ tí kò ní ẹrù gbígbé, tí ẹ sì dá sílẹ̀ ní àárọ̀ kan ṣoṣo fún àyẹ̀wò, ó lè sìn yín fún ogún ọdún. Ẹni tí ẹ bá lé lọ, ẹ ó tún kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dín ìmọ̀ràn “jù ú nù” kù. Bí ẹ bá fẹ́ ran aláìsàn lọ́wọ́, ẹ bá a pọn omi, ẹ bá a gúnyán, ẹ bá a ka ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó kù kí ó padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàáfíà ń padà wọ inú iṣan tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́. Bí oògùn yín bá wà lẹ́yìn àpótí lónìí, ẹ má gbé e mì fúnra yín kí ẹ ní ẹ ń san gbèsè ọjọ́ tí ó kọjá. Ọ̀kan kì í di méjì. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́la, kí ó sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ fún yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.